Páìpù Méjì Lára Ògiri

Lọ́jọ́ tí òtútù dé sí ìlú Fulshear nílẹ̀ òyìnbó, hítà ilé Bólúwají kùn díẹ̀, ó sì dákẹ́. Kò tún fọhùn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ hítà ni Bólúwají ń ṣe jẹun. Àtìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń tún tàwọn ẹlòmíì ṣe, òní Alief, ọ̀la Katy. Tẹjú ìyàwó rẹ̀ jókòó sílé tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó gbé Oyíndà, ọmọ tuntun wọn, mọ́ àyà. Imú ọmọ náà tutù bí omi àmù.

“Ilé àwọn kọ́sítómà ẹ ń gbóná,” ni Tẹjú wí. “Ọmọ tìẹ ló ń gbọ̀n níbí.”

“Mi ò lọ síbì kankan lónìí,” Bólúwají dáhùn. “Kó tó di ọ̀sán, ilé yìí á gbóná.”

Màmá rẹ̀, tó wá láti Iléṣà wá bá wọn tọ́mọ, ń ká aṣọ ọmọ lórí àga.

Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá ti fún ọmọ lágbo láìbéèrè. Wọ́n ti da ìpara tí dókítà fún un nù, wọ́n fi àdí rọ́pò rẹ̀. Lánàá ni Tẹjú là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀: bí Màmá bá tún dá ohun kan ṣe nínú ilé yìí, kó máa gbé wọn lọ sí Baytown, lọ́dọ̀ Gbémi àbúrò Bólúwají. Bólúwají ní ó dáa. Ìyá kan ló ní, ìyàwó kan ló ní. Kò sí èyí tó fẹ́ pàdánù.

Ó yẹ gáàsì wò, gáàsì ń bọ̀. Iná mànàmáná wà. Fáànù inú hítà gbìyànjú, ó tún dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ni kò rí fà. Ló bá jáde sẹ́yìnkùlé.

Páìpù funfun méjì ló yọrí síta lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé fún iná, èkejì ń gbé èéfín jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n gba inú àjà, nígbà tí ooru ṣì ń mú, tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí oyún Tẹjú ṣì wà nínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ṣe é: ó kọ́kọ́ fi gbogbo wọn bọra lásán kó lè rí i pé wọ́n gún, kó tó máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Màmá ń pè é nísàlẹ̀ pé iyán ń tutù. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí iyán máa tutù lọ? Ó yára palẹ̀ mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó nílò hítà títí ọmọ fi dé.

Ó ti ìka bọ páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan rírọ̀. Ó fà á, ó ń fà á, aṣọ ló ń tẹ̀lé e bọ̀: àlòkù ìró àdìrẹ. Ó mọ aṣọ náà dáadáa. Òun ni Màmá fi pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká a, ó ń tì í bọ àpò.

“Kí nìyẹn?” Tẹjú ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Èkísà ni.”

“Èkísà wo? Ṣé kì í ṣe ìró Mọ́mì nìyẹn?”

Màmá jáde sí wọn. Wọn ò jẹ́ kí ọmọ wọn purọ́ nítorí àwọn. “Èmi ni, ìyàwó mi. Mo gbọ́wọ́ sí ihò yẹn, ó ń fa òtútù wọlé fùù. Bí ọyẹ́ bá dé nílé, ṣebí gbogbo ihò la máa ń dí? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

“Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ wá ń fi òtútù jẹ ọmọ mi níyà látọjọ́ yìí?” Tẹjú yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Ó tó. Ó tó gẹ́ẹ́!”

“Mi ò mọ̀ ni. Ẹ má bínú,” ni Màmá wí.

Bólúwají ò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wọlé, ó tan hítà. Iná gbà, ó ń hó. Kò pẹ́, ilé móoru. Tẹjú bọ́ kóòtù. Ó tẹ́ Oyíndà sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀, ọmọ náà sùn lọ fọnfọn. Òun náà jókòó tì í, ó ń sunkún. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní ẹkún ló fà á.

Màmá palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Bólúwají gbé e sínú mọ́tò, ìtìjú sì ń pa á bí ẹni tó jalè.

“Ẹ jẹ́ kí n wúre fún ọmọ mi kí n tó lọ,” ni Màmá wí níta.

Inú ṣì ń bí Tẹjú, àmọ́ a kì í jẹ́ kí àgbà lọ láìsìn wọ́n sọ́nà. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì we ọmọ, ó gbé e jáde. Màmá gbọ́wọ́ lé e lórí. Àdúrà Màmá kì í kúrú: wọ́n gba ti ọmọ, wọ́n gba ti ìyá ọmọ tó ń lé wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ti Gbémi. Tẹjú ń ṣe àmín lábẹ́ ètè.

Wọn ò tíì parí rẹ̀ tí aláàmù tó ń ṣọ́ èéfín apani tí imú kì í gbóòórùn rẹ̀ fi figbe ta nínú ilé.

Bólúwají sáré wọlé. Ó pa hítà, ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, ó di èémí mú, ó gun àkàbà lọ sínú àjà.

Lókè yàrá Oyíndà gan-an, páìpù tó yẹ kó gbé èéfín jáde ti yọ níbi oríkèé rẹ̀, níbi tí òun alára kò ti fi gọ́ọ̀mù sí i, èéfín sì ti ń tú sórí ọmọ látìgbà tó ti fa ìró Màmá yọ.