Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Kó Tó So Iná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á parí, torí ìparí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fún ará ilé yín náà kà.

1.

Ní nǹkan bí ọdún 1983, iná ìjọba ní Aké, l'Abẹ́òkúta, kàn máa ń yọjú ni, á sì padà lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì fi ń ta iná jẹnẹrétọ̀ ní àdúgbò kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bàbá Herbert, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rélùwéè tí kì í rẹ́rìn-ín, ni ọ̀kan. Ìkejì ni Jùbrílù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Ọwọ́ Bàbá Herbert ni Sìlífátù ti ń ra iná tirẹ̀. Opó ni Sìlífátù, míníràsì tútù ló ń tà níwájú ilé rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Sàfúrátù, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Kí Bàbá Herbert tó so iná fún ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ wọlé onítọ̀hún. Ó kan súìṣì ńlá kan mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sìlífátù, ó ní, "Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, sáré fa eléyìí wálẹ̀." Lẹ́yìn náà, oṣooṣù ló ń wá yẹ wáyà wò, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, títí dé yàrá. Kì í kí ènìyàn dáadáa. Ojú oníbàárà ló ti máa ń pariwo, "Ta ló fi wáyà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ṣé o fẹ́ jóná ni?"

Ó ń dun Sìlífátù gan-an.

2.

Lọ́jọ́ kan, Jùbrílù wọ aṣọ funfun dé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá mi."

Sìlífátù ní kó wọlé wá wo ibi tí iná máa gbà. Ó kọ̀.

"Rárá o, Màmá. Èmi ọmọ yín, kí n máa wọ yàrá ìyá mi kiri? Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni n ó ti so ó fún yín. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo wá."

Orí Sìlífátù wú. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé! Ọjọ́ yẹn náà ló ránṣẹ́ sí Bàbá Herbert pé kó wá tú wáyà rẹ̀.

"Ẹ má tún dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́," ó sọ ọ́ lójú gbogbo èrò. "Mo ti rí ọmọlúwàbí."

Bàbá Herbert tú wáyà rẹ̀, ó fi súìṣì sílẹ̀ lára ògiri. Ó yíjú padà, ó ní, "Wáyà ọmọlúwàbí yẹn ńkọ́? Ṣé ó máa gba inú súìṣì?"

"Kí ló kàn yín ńbẹ̀?"

Bàbá náà ká wáyà rẹ̀ lọ. Sìlífátù kò bi Jùbrílù ní ìbéèrè yẹn rí.

3.

Kò pẹ́ rárá tí Sàfúrátù fi wá bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, fìríìjì yìí ń ta mí lọ́wọ́ o."

"Wọ sílípáàsì kó o tó ṣí i."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àìmọye nínú wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiwa. Sàfúrátù ń wọ sílípáàsì, ṣùgbọ́n títa náà ń le sí i. Nígbà tó tún ké sí ìyá rẹ̀, Sìlífátù fi ìbínú gba ọ̀nà ilé Jùbrílù. Kó tó la ẹnu, Jùbrílù ti wà nílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá mi. Bí mo bá ti kí Jímọ̀ tán, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀."

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bú ẹni tó nà gbalaja níwájú rẹ̀? Sìlífátù gbàdúrà fún un, ó padà sílé. Jímọ̀ kọjá, òmíràn tún kọjá, Jùbrílù kò wá.

4.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àkókò ìrun Àsárì tó. Sàfúrátù ṣe àlùwàlá tán, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà kan ké láti ìta pé òun fẹ́ míníràsì. Ọmọ náà ní kí òun yára dá a lóhùn kí òun tó kírun. Ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ.

Ó di fìríìjì mú, kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Sìlífátù rí i. Ó sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa súìṣì wálẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn: ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó gbé súìṣì sókè, ó tún fà á wálẹ̀, ó ń pariwo, "Kú! Iná yìí, kú!" Wáyà Jùbrílù kò gba ibẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn sáré lọ sí ilé jẹnẹrétọ̀. Ó wà ní títì, Jùbrílù ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ọ̀fàdà, níbi tó ti ń wá oníbàárà fún jẹnẹrétọ̀ tuntun.

Bàbá Herbert ló fi igi gbígbẹ gbá ọmọ náà kúrò lára fìríìjì. Ó ti pẹ́ jù. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

"Mo rí i pé ojú fèrèsé ló gbé wáyà gbà. Torí pé o bú mi, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tó tán, wọ́n ti sin Sàfúrátù.

5.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n bi Sìlífátù, "Ta ló ní kí Jùbrílù wá so iná fún yín?" Òun fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Jùbrílù wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn àgbà ní, "Ìyá Sàfúrátù, ó ti dọ̀bálẹ̀, ẹ foríjì í." Sìlífátù wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ. Iná Jùbrílù ṣì ń tàn nínú àwọn ilé yòókù ládùúgbò.

Títí tí Sìlífátù fi darúgbó, bí wọ́n bá ti pe ìrun Àsárì, á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fa súìṣì yẹn wálẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún gbé e sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta iná fún yín, ẹ gba ìkíni rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bi í pé, "Níbo ni mo ti lè pa iná yìí?" Bí kò bá fi hàn yín, ẹ lé e lọ, ì báà tilẹ̀ sùn sílẹ̀ níwájú yín di ọ̀la. Ìdọ̀bálẹ̀ Jùbrílù kò pa iná lọ́jọ́ tí Sàfúrátù di fìríìjì mú.