Ọmọ Mi, Gba Ọ̀tún

Ẹṣin fi orí gbá Aaron lẹ́nu láàárọ̀ yìí, èmi Fulera ni Alhaji tó ni ẹṣin náà gbà síṣẹ́.

Iṣẹ́ olùtọ́jú ẹṣin tó ń sáré ìje ni, ní Òmù-Àrán níbí.

Aaron kó sátífíkéètì mẹ́ta wá.

Èmi ru koríko wá láti ọ̀nà Òkè-Onígbìn, bí mo ṣe ń rù ú wá fún ẹṣin náà láti ọdún kan.

Alhaji ní, "Ẹni tó bá kó ìjánu sí ẹṣin yìí lẹ́nu ló níṣẹ́."

Aaron tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Ó ń sọ gírámà fún ẹṣin.

Mo ní, "Ọmọ mi, gba ọ̀tún."

"Màmá, ẹ lọ máa gé koríko yín. Òsì ni ìwé ní ká gbà lọ bá ẹṣin."

"Ṣé ìwé ti rí ẹṣin yìí rí?"

Alhaji ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Aaron gba òsì. Ẹṣin ta gìrì, ó ju orí: gbò!

Èmi gba ọ̀tún. Ẹṣin tẹrí ba fún mi bí ìyàwó tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń ríṣẹ́ ẹṣin, ẹ kọ́kọ́ wo ẹṣin.

Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́.

Alhaji mọ̀, ìdánwò rẹ̀ nìyẹn. Èmi náà mọ̀.

Eyín iwájú méjì ni Aaron fi mọ̀ ọ́n.