Ẹkún inú yàrá Kàmọ́rù

Ìmí ẹ̀dùn ń jáde látinú yàrá Kàmọ́rù.

Láàárọ̀ ni Kàmọ́rù, tó jẹ́ dírẹ́bà, ti Bàdágìrì dé sí agboolé wọn ní Akínyẹlé, tó wọ́ àpò wúwo kan wọlé, tó sì tilẹ̀kùn pa.

Hàjàrá, ìyàwó ilé, yọjú níhò ilẹ̀kùn.

Ojú dúdú kan ń wò ó. Omi ń dà níbẹ̀ pòròpòrò.

"Ẹ gbà á là o. Kàmọ́rù ti jí ọmọ ọlọ́mọ gbé," ni Hàjàrá kígbe.

Àwọn ọkùnrin gbé kùmọ̀, wọ́n já ilẹ̀kùn.

Ìjàpá inú òkun ni, ó fẹ̀ tó báàfù, tí wọ́n ti dè tọwọ́tẹsẹ̀.

"Àwọn apẹja ní àwọn ò rírú ẹ̀ mọ́ létí òkun," ni Kàmọ́rù ń wí, bó ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Omi ò tíì dá lójú ìjàpá náà.

"Àlùhámdùlílàhì," ni Hàjàrá wí. "Ẹran ni."

Ẹni tó kọ́kọ́ kígbe ló kọ́kọ́ gbé abọ́ dé.