Orin Tó Ń Lé Opó Kiri

Opó náà sáré pa rédíò. Orin ìfẹ́ onígìtá jẹ́jẹ́ yẹn ló ń dún nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí jàǹbá pa ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi olórin ti tún un kọ, ó sì ń sá fún gbogbo wọn bí ẹni ń sá fún ejò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin já wọlé. "Màámi, orin tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ti jáde! Orin àtijọ́ kan ni mo tún kọ. Ẹ gbọ́ ọ!"

Gìtá náà bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ lórin yìí?"

"Mi ò mọ̀ o. Àtikékeré ló ti wà lẹ́nu mi."

Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n fà á yọ ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò náà, tí orin ṣì ń dún.

Ìyá nawọ́ láti pa orin náà, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ rẹ̀ ni.