Èèbù Ọ̀fẹ́

Àgbẹ̀ kan ń to iṣu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà abúlé Tré nígbà tí Victoire, ìyàwó rẹ̀, nawọ́ sí àwọn òkìtì iṣu aládùúgbò tó lọ súà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

“Baálé mi, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ fi èèbù ta gbogbo abúlé lọ́rẹ. Ta ni yóò wá ra tiwa báyìí?”

“Nígbà tó jẹ́ tiwa nìkan, ọkọ̀ wo ló dúró rí?”

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́ta ni Sàfúrátù, oníṣòwò iṣu láti ìlú Dassa, fi ń gba ibẹ̀ kọjá láì dúró, nítorí pé iṣu ẹnì kan kò lè kún ọkọ̀ rẹ̀. Lónìí, ó dúró. Wọ́n kó iṣu títí ọkọ̀ fi kún bámúbámú. Òkìtì kékeré kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nílẹ̀, ti àgbẹ̀ sì ni.

“Ṣé kí n dáná, ká máa sè é jẹ?” ni Victoire bi í.

Àgbẹ̀ ń wo iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ nílẹ̀.

Sàfúrátù yọjú láti iwájú ọkọ̀. “Ta ló ni ìyẹn?”

“Ẹni tó fún gbogbo wa ní èèbù ni,” ni aládùúgbò kan dáhùn.

Oníṣòwò náà wo òkìtì, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀.

“Ìyá kò ní wà nílẹ̀ kí àwọn ọmọ wọkọ̀. Ẹ kó o síbí.”

Bí iṣu àgbẹ̀ ṣe jókòó ti awakọ̀ lọ sọ́jà nìyẹn, tí Sàfúrátù sì wà lókè ẹrù, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìbòrí rẹ̀ mú.