Fíríjì Ọtí Nílé Àlàájì

Àlàájì Sàláúdéènì ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ inú fíríjì ọtí ní yàrá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Kò fẹ́ kí òórùn ọtí kankan ṣẹ́kù níbẹ̀.

Ó fi rọ́bà dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Ó to pákó tí wọn kò kùn sínú rẹ̀. Ó gbé abọ́ kékeré kan, tí fóòmù tí a rẹ sómi wà nínú rẹ̀, sí ìsàlẹ̀.

Kò fi í sí iná. Sìgá onítábà, irú èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò, kò fẹ́ òtútù. Ọ̀rinrin ni ó fẹ́, ọyẹ́ sì ti dé. Bí ó bá gbẹ, yóò rún.

Qúdrát, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ ra fíríjì ọtí wọlé. Ó wá kan sìgá. Ṣé kí n lọ ra ife wá ni?"

"Jẹ́ kí n ráyè."

"Wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́sálásí o. Ẹ̀yin tí ẹ lé Nojeem ọmọ yín jáde nítorí sìgá."

Àlàájì tún tẹ rọ́bà náà mọ́ ihò rẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ kó wá mu ún?"

"Kò sẹ́ni tí yóò mu ún."

Lẹ́yìn fídáù Nojeem, Àlàájì fúnra rẹ̀ ni ó fi gbogbo ẹrù ọmọ náà ṣe sàráà: agbádá, bàtà, títí kan aago ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni ló bọ́ látinú àpò jákẹ́ẹ̀tì ọmọ náà.

Qúdrát bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú fíríjì.

Ààbọ̀ sìgá kan ló wà lórí pákó. Àmì eyín Nojeem ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.