Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn Án

Awakọ̀ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà, ooru sì rú bò ó lójú.

"Ẹ bu omi sí i, ká máa lọ!" oníṣòwò aṣọ kan ké láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Omi kò gbọdọ̀ kàn án, mà. Kúláǹtì òkè òkun ni mo rọ sínú rédíétọ̀ dípò omi. Wọ́n ní kì í hó bọ̀rọ̀, àfi bí omi bá kàn án."

"Kí ló wá ń hó yìí, ọbẹ̀?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ awakọ̀ náà kọjá ìjà. Ẹ́ńjìnnì kan ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Bí èyí bá tún lọ, ó dágbére fún iṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀, tó jókòó níwájú, rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú. Mo máa ń bu omi àdúrà sínú rédíétọ̀ yìí láràárọ̀ kí o tó jí. Ewu ojú ọ̀nà ni mo fi ń lé."

Ó wo ìyá rẹ̀ títí. Ó jókòó sórí koríko títí ẹ́ńjìnnì fi tutù. Ó wá dìde, ó na ọwọ́ sí i.

"Yèyé, omi ṣáà ti kàn án ná. Ṣé omi àdúrà yẹn ṣì kù lọ́wọ́ yín?"